Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Kárià

Tí inú mi bá ti dùn, orin ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ èyí ná, kí n tó sọ bí Moróhunfọ́lá ṣe rí ọkọ fẹ́:

Fọlá ń tẹ fáàfù, afẹ́fẹ́ ń lọ,
Táyà kò ṣàìsàn, ọkàn ló ń ṣàìsàn,
Ọládòṣù, gbé pọ́ǹpù wá o,
Táyà ń retí rẹ.

Mo fi ojú mi rí ohun tó wà nínú orin yẹn. Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé mi ní Osi ni Ọládòṣù ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni lọ́dún 1994, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá kí i, á kọ́kọ́ nu ọwọ́ kó tó dáhùn, bí ẹni pé gírísì lè kan ọ̀rọ̀ náà.

Ọdún yẹn ni Moróhunfọ́lá dé. Ọmọ Ọ̀gá Olóyèdé ni, hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì sí Iloffa. Wọ́n gbé e wá láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Á wọ takisí wá ní ọjọ́ Ajé, á padà sí Iloffa ní ọjọ́ Ẹtì, ó sì ní kẹ̀kẹ́ obìnrin kékeré kan tó fi ń lọ sí ilé-ìwé láàárín ìgboro. Lọ́jọ́ kan, ṣéènì kẹ̀kẹ́ náà já bọ́. Ọládòṣù bá a dá a padà sáyè rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, táyà ẹ̀yìn lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, táyà iwájú ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo wà lójú fèrèsé ẹ̀yìnkùlé mi tí mò ń ṣa ìrẹsì. Mo rí Tíṣà tó ya ẹ̀yìn ilé mi, ó wò síhìn-ín, ó wò sọ́hùn-ún, ó lóṣòó, ó ṣí fáàfù, ó sì fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ó ń gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń lọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má baà bú sẹ́rìn-ín.

"Táyà yìí tún ti lọ sílẹ̀, Tíṣà?" Ọládòṣù bi í.

"Ó tún ti lọ sílẹ̀."

"Mo rì í sínú omi lánàá. Kò jò."

"Bóyá ojú ọ̀nà ló ti ń jò."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí ó fi di ọjọ́ kẹsàn-án. Ọládòṣù fún táyà láfẹ́fẹ́ tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́, ó wá wí jẹ́jẹ́ pé, "Tíṣà, ẹ má yọ afẹ́fẹ́ ẹ̀ mọ́. Ẹ kàn máa bọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Fọlá ti ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti jáde. Òun á máa yẹ ìwé àwọn ọmọ wò, ọkùnrin náà á máa na sípóòkù. Nígbà mìíràn, wákàtí kan á kọjá tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ̀rọ̀. Èmi tí mi ò lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, ó yà mí lẹ́nu.

Nígbà tó di ọdún kejì, Ọládòṣù kúnlẹ̀ síwájú mi. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú, Eruku sì ni àbúrò bàbá rẹ̀ wà, ara rẹ̀ kò yá. Ó ní, "Màmá Leah, ẹ bá mi ṣe alárenà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀rọ̀ọ́ sọ."

Mo ní, "Orin ni mo mọ̀ ọ́n kọ. Ṣùgbọ́n màá lọ."

Oṣù Kẹjọ ọdún 1995 ni mo dé Iloffa. Ọ̀gá Olóyèdé gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Káyọ̀dé, gbé omi wá, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

"Màmá Leah, mo ti gbọ́ ohun tí ẹ bá wá," ni Ọ̀gá wí. "Kí ni iṣẹ́ ọkùnrin náà?"

"Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe, Ọ̀gá."

"Kẹ̀kẹ́ ta ni? Ẹ wo títì yẹn. Alùpùpù ni gbogbo wọn ń gùn báyìí. Ní ọdún márùn-ún sí i, ta ló máa gbé kẹ̀kẹ́ wá fún un?"

"Ọmọ yín ń gbé tiẹ̀ wá lójoojúmọ́."

Ìyá Káyọ̀dé fi etí ìborùn bo ẹnu. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́ta ni Fọlá fi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Akọ̀wé kan wà ní káńsù Ararọ̀mí-Ọ̀pin tó ti bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọmọlúàbí ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì dájú."

"Ṣé ó ti bá Fọlá náà sọ̀rọ̀?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Mo rí i bẹ́ẹ̀, mo bá gbé orin lẹ́nu, mo ní bóyá á rọ̀.

"Màmá Leah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọrin."

Mo gbé orin náà mì. Ọ̀gá dìde, ó lọ sí ilé ìdáná ẹ̀yìn, mo sì gbọ́ tí nǹkan ń dún gbàmùgbàmù lórí àjà. Kẹ̀kẹ́ kan ló gbé jáde. Irú rẹ̀ kò sí ní agbègbè wa rí. Táyà rẹ̀ kéré, hándù rẹ̀ ga sókè bí ẹni tó na ọwọ́ méjèèjì, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, ìpẹtà sì ti jẹ ṣéènì rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Táyà ti fọ́ wẹ́wẹ́, eku ti jẹ ìjókòó rẹ̀ tán.

"BMX ni wọ́n ń pè é," ni Ọ̀gá wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Kẹ̀kẹ́ eré ìje ni. Lọ́dún 1982 tí ìjọba rán mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú òyìnbó, mo rà á fún Káyọ̀dé. Kò lọ síbì kankan láìgùn ún. Nígbà tó di ọdún 1986, ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣejáde. Mo ní kẹ̀kẹ́ ló fà á. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi kọ́ àjà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí Èkó. Kò padà wálé láti ìgbà náà."

"Èmi ló ń kọ̀wé sí," ni Ìyá Káyọ̀dé wí láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. "Ó ní òun ń bọ̀ ní Kérésì yìí, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ."

Ọ̀gá kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ẹni mẹ́ta ni mo ti gbé e fún ní Ìlọrin. Gbogbo wọn ló dá a padà. Ẹ sọ fún ọkùnrin yín kó tún un ṣe, kó rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí mo gbà á lọ́wọ́ ọmọ mi. Tó bá ṣe é kí Kérésì tó dé, a ó jọ sọ̀rọ̀. Tí kò bá lè ṣe é, kó jẹ́ kí Fọlá lọ. Títí dìgbà náà, Fọlá kò gbọ́dọ̀ yọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ síra wọn."

Fọlá sìn mí dé ibi takisí. Ó ń fi ẹsẹ̀ gbá òkúta kéékèèké níwájú rẹ̀.

"Màmá, mi ò ní bá a sá lọ o. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ilé yìí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo rí ohun tó ṣe ìyá mi. Mo fẹ́ kí bàbá mi fi ẹnu ara wọn sọ pé ọkọ mi ni."

"Tí kẹ̀kẹ́ náà bá kọ̀ tí kò ṣeé ṣe ńkọ́?"

Ó gbá òkúta kan dé àárín títì. Takisí dé, mo wọ̀ ọ́ lọ.

Láyé àtijọ́ níbi tiwa, oko ni ọkọ ìyàwó ń lọ ro fún bàbá ìyàwó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé e, wọ́n á ṣe ọ̀wẹ̀ láti òwúrọ̀. Mo sọ fún Ọládòṣù pé, "Ọ̀gá kò ní oko. Èyí ni ọ̀wẹ̀ tìrẹ."

Fún ọjọ́ méjì, kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn ń yí i po, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló tú u palẹ̀ sórí àpò, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń pín ẹran ọdún. Ó ri ṣéènì sínú kẹrosíìnì fún ọ̀sẹ̀ kan, á sì máa yí oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́ títí ó fi ń rọ̀. Ó já gbogbo ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà lórí igi ẹ̀yìnkùlé mi, ó pò ó mọ́ eérú, ó fi ń fọ ìpẹtà. Ó fi ọwọ́ gé sípóòkù, nítorí pé ti ọjà gùn jù fún rímù kékeré yẹn. Ìlọrin ló ti rí táyà tó bá a mu, ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ kó tó rí i. Díẹ̀díẹ̀ ni irin náà ń là lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, títí mo fi lè rí ojú mi nínú rẹ̀ bí ẹni wo dígí.

Fọlá kò rú òfin bàbá rẹ̀. Láàárọ̀, á gba òdìkejì títì kọjá, á sì tẹ aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní wo ẹ̀gbẹ́. Ọládòṣù á gbé sípánà sílẹ̀ títí aago náà kò fi ní dún sétí mọ́.

"Kí ló ń sọ?" mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Ó ní òun ṣì ń kọjá."

Wàyí o, ibi tí mo ti bà á jẹ́ nìyí. Oṣù Kọkànlá ni. Mo gbé iṣu sísun lọ fún un, mo wo kẹ̀kẹ́ náà tó ti dúró lórí táyà, mo ní, "Ọládòṣù, kárià rẹ̀ dà?"

"Èmi náà ti ń rò ó, Màmá. Kò ní kárià, kò ní mọ́gáàdì, kò ní sítáàńdì, kò ní aago. Eku kò sì lè jẹ irin."

"Wọ́n ti jí wọn ni. Ọdún mẹ́sàn-án lórí àjà. Ọ̀gá sì ní kó rí bó ṣe rí."

"Ṣé kí n ránṣẹ́ bi Fọlá?"

"Kí bàbá rẹ̀ lè sọ pé o rú òfin? Fi wọ́n sí i. Ṣé òyìnbó á ṣe kẹ̀kẹ́ tí kò lè gbé ìyàwó ni?"

Ó rò ó títí. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní kárià, àwa kò rí irú rẹ̀ rí, ẹ̀yin ọmọ mi. Lórí kárià ni ìyàwó ń jókòó lẹ́yìn ọkọ, àpò gbágùúdà ń jókòó, aláìsàn ń jókòó. Ó lọ sí Obbo-Ile, ó rí kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan tí bàbá arúgbó kan kò gùn mọ́, ó gba kárià, mọ́gáàdì, sítáàńdì àti aago rẹ̀, ó gé wọn kúrú, ó kùn wọ́n lọ́dà, ó sì fi iná jó kárià náà mọ́ irin ẹ̀yìn kó lè dúró gbọnyin. Mo dúró tì í, mò ń kọrin.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá la gbé e dé Iloffa. Ọ̀gá jáde. Fọlá àti ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ojú Fọlá kí n tó rí ti bàbá rẹ̀, mo sì mọ̀ pé a ti bà á jẹ́.

Ọ̀gá yí kẹ̀kẹ́ náà po. Ó na ọwọ́, ó tẹ aago náà. Ó dún.

"Kí lèyí?"

"Aago ni, sà," Ọládòṣù dáhùn.

"Kẹ̀kẹ́ eré ìje ni mo gbé fún yín. Òkè ni wọ́n fi ń fò. Káyọ̀dé á gbé e fo kòtò, táyà méjèèjì á kúrò nílẹ̀. Kárià kankan kò sí lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ti jáde. Ẹ ti sọ kẹ̀kẹ́ ọmọ mi di kẹ̀kẹ́ adẹ́mu." Ó tẹ̀ ba, ó rí ibi tí iná ti jó irin. Ó nàró. "Ta ló ní kí o ṣe eléyìí?"

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Èmi tí mo ní orin fún òjò, tí mo ní orin fún ẹ̀rùn.

"Èmi ni, sà," ni Ọládòṣù wí. "Àṣìṣe mi ni."

"Gbé e kúrò níwájú mi."

Nínú takisí, mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ pé èmi ni?"

Ó ń wo ojú ọ̀nà. "Màmá, ọwọ́ mi ló di iná mú. Kì í ṣe ọwọ́ yín."

Ọjọ́ méjì ni mi ò kọrin. Àwọn ará ilé rò pé ibà ló ń ṣe mí. Lọ́jọ́ kẹta, láàárọ̀ kùtùkùtù, mo wọ takisí, mo padà sí Iloffa lémi nìkan. Ọ̀gá ń gbá ìta ilé rẹ̀.

"Ọ̀gá, mi ò wá bẹ̀bẹ̀ fún ọkùnrin yẹn. Mo wá jẹ́wọ́ tèmi ni. Èmi ni mo ní kó fi kárià sí i. Ó fẹ́ ránṣẹ́ bi Fọlá, èmi ni mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí òfin yín. Mo dúró tì í nígbà tó ń jó o."

Ó fi ọwọ́ lé igi ìgbálẹ̀. "Ó ní òun ni."

"Ó parọ́ fún yín nítorí èmi arúgbó."

"Kò parọ́," ni Ọ̀gá wí. "Ó gbé ẹ̀bi náà lé orí ara rẹ̀ ni." Ó wọlé. Nígbà tó jáde, fọ́tò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Káyọ̀dé ni, ó fò sókè lórí kẹ̀kẹ́ náà, eyín rẹ̀ funfun báláú, nọ́ńbà wà lára àwo kan níwájú hándù, tìmùtìmù pupa sì wé irin àárín. "Ẹ fi èyí hàn án. Kí Fọlá wò ó ná, ó lè rán aṣọ wíwé yẹn. Ọjọ́ díẹ̀ ló kù."

"Ṣé ẹ ti dárí jì í ni?"

"Màmá Leah, ẹ máa lọ, kí takisí má baà fi yín sílẹ̀."

Ọládòṣù yọ gbogbo ohun tí a fi sí i. Ó fi fáìlì họ ibi tí iná ti jó, láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí oòrùn á fi wọ̀, ìka rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwo nọ́ńbà, ó gé e láti ara ike jẹ́rìkánì. Tìmùtìmù pupa náà, Fọlá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an, èmi ni mo gbé e wá. Nígbà tí Ọládòṣù ṣí i, kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀, nítorí òfin. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ pa ojú abẹ́rẹ́ náà láti òpin dé òpin, ó tún padà pa á.

Ojú àpá méjì kò lọ. Wọ́n wà lára irin ẹ̀yìn, wọ́n dúdú níbi tí dídán ti jóná.

"Fi ọ̀dà fàdákà bò ó," mo ní.

"Rárá, Màmá." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà mí nímọ̀ràn mọ́."

Ọjọ́ kẹtàlélógún la gbé e lọ. Ọládòṣù dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó fi ìka hàn án. "Sà, àpá méjì wà níbí. Mo ṣe é títí, kò lọ. Mi ò bò ó."

"Mo rí i," ni Ọ̀gá wí. Ó ti kẹ̀kẹ́ náà wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A padà sí Osi láìmọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọládòṣù kò jẹun. Ó ní, "Bóyá mo bá a tún ilé rẹ̀ ṣe, kí ẹlòmíràn lè wá fẹ́ ọmọ rẹ̀." Mo gbé oúnjẹ náà padà.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Káyọ̀dé ní kí n wá bá wọn kí ọmọ káàbọ̀. Ọládòṣù sìn mí, ṣùgbọ́n ó dúró sábẹ́ igi kaṣú tó wà ní títì, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò pè é. Mọ́tò Káyọ̀dé dé ní ọ̀sán. Ó ti di ọkùnrin, irùngbọ̀n ti bo àgbọ̀n rẹ̀. Ìyá rẹ̀ so mọ́ ọn lọ́rùn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

"Ẹ kúulé, sà."

"O káàbọ̀."

Ó parí síbẹ̀. Bàbá àti ọmọ dúró, ọdún mẹ́sàn-án wà láàárín wọn, ìyàwó Káyọ̀dé sì gbé ọmọbìnrin wọn kékeré mọ́ àyà, kò mọ ibi tí yóò wò. A wọ yàrá àlejò. Kẹ̀kẹ́ náà dúró níbẹ̀, ó fara ti ògiri, ó ń dán.

Káyọ̀dé dúró. Ó lọ síbẹ̀, ó lóṣòó, ó fi ọwọ́ yí pẹ́dà, táyà ẹ̀yìn ń yí láìdún. Ó di hándù mú. Ó fi ìka wá gbogbo ara irin náà kiri, títí ìka rẹ̀ fi kan àwọn àpá náà.

"Àpá yìí kò sí níbẹ̀ nígbà tèmi," ó wí láìyí padà. "Ta ló tún un ṣe?"

Mo wo Ọ̀gá. Fọlá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú àwo ìrẹsì lọ́wọ́.

"Àna mi ni," ni Ọ̀gá Olóyèdé wí.

Ó jókòó sórí àga bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. "Ó ṣe àṣìṣe kan lórí rẹ̀. Kò bò ó mọ́lẹ̀ fún mi. Èmi náà ṣe àṣìṣe kan lórí kẹ̀kẹ́ yìí, Káyọ̀dé, tèmi sì ti pẹ́ ju tirẹ̀ lọ."

Káyọ̀dé kò dìde. Ó gbé orí lé orí hándù náà, èjìká rẹ̀ ń mì, ọmọ rẹ̀ kékeré sì lọ bá a, ó fi ọwọ́ kan tìmùtìmù pupa, ó bèèrè pé ta ló ni ín.

"Bàbá rẹ ló ni ín," bàbá àgbà dá a lóhùn. Ó nu ojú, ó wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Fọlá, gbé àwo yẹn sílẹ̀. Ọkọ rẹ ti ń dúró ní títì láti àárọ̀. Lọ pè é wọlé kó wá jẹun."

Fọlá gbé àwo náà lé mi lọ́wọ́. Kò fi ẹsẹ̀ rìn. Ó sáré jáde láìwọ bàtà, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú títì, tó ń pe orúkọ ọkùnrin náà fún gbogbo Iloffa láti gbọ́. Èmi pẹ̀lú àwo ìrẹsì lọ́wọ́, mo wo Ọ̀gá.

"Ó dáa, Màmá Leah," ó wí. "Ẹ lè kọrin."